Ọpọ́n ayò bàbá mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ ọmọ yín nílé, èsì Junior WAEC ọmọbìnrin mi àgbà ti jáde. A ló gbà nínú ìṣirò. Mo jó yíká pálọ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọ̀kan nínú yín fi fọ́tò ìwé iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: gbogbo rẹ̀ ló gbà, kò sí ibì kan tí ọmọ náà ti pa nǹkan rẹ́. Mo mọ ọwọ́ ìyá nínú ìwé ọmọ, torí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ mọ àǹfààní ẹ̀kọ́ ilé: ọmọ ń sùn tẹ́rùn, ó ń ka Yorùbá tàmì-tàmì, ẹ sì ń tètè mọ ohun tó ń dà á láàmú. Ẹ̀kọ́ kìíní, ẹ tọ́jú gbogbo ìwé iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ déètì sí i. Ìkejì, ẹ má fo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀. Ìkejì yìí ló jẹ mí níyà.

Ọmọ ọdún 10 ni ọmọbìnrin mi nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa lóṣù kẹta ọdún 2020. Orí tábìlì ìjẹun la ti ń kàwé, níbí ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwé padà, n ò jẹ́ kó lọ mọ́. Ó ń kàwé bí ẹní mu omi. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ẹ̀rù ìṣirò onídàá, bí 1/2 àti 1/3, ti ń bà mí. Bí a bá ti débẹ̀, màá sọ ìdáhùn fún un, á kọ ọ́, màá máàkì í, a ó ṣí ojú ewé mìíràn.

Ní 2021, mo mú un lọ ṣe ìdánwò ìwọlé JSS1 níbì kan. Olùkọ́ ibẹ̀ tẹ́ ìwé rẹ̀ síwájú mi. 1/3 + 1/4, ọmọ mi kọ 2/7.

"Màdáàmù, ta ló ń kọ́ ọmọ yìí?"

Ìṣojú àwọn òbí yòókù ni. Ó ṣì ń bí mi nínú dòní. Ṣé kò lè pè mí sí kọ̀rọ̀ ni? Ṣùgbọ́n ti ọmọ mi ló dùn mí jù. Nínú ọkọ̀, ó ní, "Mọ́mì, ṣebí ẹ máa ń sọ pé mo gbà á?" N ò rí nǹkan sọ títí a fi dé Mọ́kọ́lá.

Lálẹ́, mo gbé ọpọ́n ayò bàbá mi jáde. Ojú 12 ló ní. Mo ní kó pín in sọ́nà mẹ́ta, kó fi ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan sínú gbogbo ojú tó wà ní ìpín kan. Ojú 4. Ó tún fi sínú ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ọpọ́n náà, nínú àwọn ojú tó ṣófo: ojú 3. Ó kà wọ́n pọ̀, 7 nínú 12, ìyẹn 7/12. Mo tún un kà fúnra mi, torí ọjọ́ yẹn lèmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Mo jẹ́wọ́ fún un pé n ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó, Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Yorùbá la fi kà á. Ní 1970 ni Babátúndé Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ láti ìwé kìíní dé ìkẹfà, tìṣirò-tìṣirò, àwọn ọmọ náà sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Mo ti kà nípa rẹ̀ tipẹ́, n ò kàn lò ó ni.

Ọdún kan gbáko la fi tún ìdá kọ́ kó tó wọ JSS1.

Ìwọ tí o fi fọ́tò ránṣẹ́, mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, o ò gbé e. Mi ò bínú sí ọ. Ọpọ́n náà wà lórí tábìlì mi. Mú ọmọ rẹ wá lọ́jọ́ Sátidé.