Kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹ́ḿbásì, ẹ gba ìwé tó ní òǹtẹ̀

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ọlọ́pàá fi àbúrò mi sílẹ̀. Ara mi ò tíì balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíì lè nílò ọ̀rọ̀ yìí lálẹ́ òní. Oníròyìn ni. Ọ̀nà kan ní Rẹ́mọ níbí, tí wọ́n gbowó rẹ̀ tí wọn ò ṣe é, ló kọ ìròyìn lé lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ní oníròyìn nílé, ẹ mọ bí àyà ṣe ń já tí fóònù wọn ò bá lọ mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e ló burú jù. Èmi àti ìyá wa dúró níwájú káńtà àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Ṣágámù. Ọ̀kadà àbúrò mi wà lójúde, a rí i. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa." Ìyá wa ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kadà rẹ̀ rèé." Ó tún wí bákan náà. Ni ìyá wa bá kúnlẹ̀ fún ọmọ tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ dàgbà jù. Mo ní kó dìde, kò dìde. Orúnkún ìyá wa lórí símẹ́ǹtì yẹn, mi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn.

Àwọn ará wa tó wà ní London àti Amẹ́ríkà ń pè: ẹ kọ̀wé sí ẹ́ḿbásì, ẹ kọ̀wé sí CPJ, àjọ tó ń gbèjà oníròyìn káàkiri àgbáyé. A kọ ọ́. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá: ta ló mú un? Lọ́jọ́ wo? Ibo ló wà? Ṣé wọ́n ti gbé e dé kóòtù? Wọn kì í fi omijé ẹbí kọ̀wé sí ìjọba. Lọ́yà wa ló kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ àgọ́ náà sínú ìwé sí ọlọ́pàá, tó sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa. Ó tọ́ka sí abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999: tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé ẹni tí wọ́n mú débẹ̀. Kóòtù sì wà ní Ṣágámù níbí! Ìwé yẹn ni àwọn ará òkèèrè rí dì mú. Ẹ́ḿbásì kan bèèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Àbújá, béèlì dé, ó ti délé.

Àwọn kan ní a lọ tú àṣírí ìlú fún òyìnbó. Rárá o. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ló sọ ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Áfíríkà di òfin ní 1983. Ohun tí a fọwọ́ sí la ní kí wọ́n ṣe.

Ẹ má sì gbára lé òkèèrè nìkan. Nígbà tí Abacha, olórí ìjọba ológun, pa Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó ń jà fún àwọn Ògóni, ní November 1995, àjọ Commonwealth dá Nàìjíríà dúró nínú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kejì. Síbẹ̀, Kunle Ajibade àti Chris Anyanwu, oníròyìn tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n lọ́dún náà, kò jáde títí Abacha fi kú ní 1998. Ní May 2024, tí ọlọ́pàá gbé oníròyìn Daniel Ojukwu ní Èkó, àwọn ẹlẹgbẹ́ àti ẹbí rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá a títí wọ́n fi mọ ibi tó wà.

Nítorí náà, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ìwé tó ní ọjọ́, tó ní òǹtẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lókè òkun lálẹ́ ọjọ́ náà. Fóònù àbúrò mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́yà ti kọ̀wé lórí ìyẹn náà, ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ sì wà nílé.