Ẹ Má Tíì Pe Háàdì Dísìkì Náà ní Òkú

Ní Abẹ́òkúta níbí, bí iná bá lọ tí ó sì padà dé pẹ̀lú agbára àpọ̀jù, tí kọ̀ǹpútà kò sì tàn mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tún un ṣe máa ń ṣe ni pé wọ́n á pààrọ̀ páwà páàkì rẹ̀, ẹ̀yà tí ń pín iná fún un, wọ́n á tún gbìyànjú láti tàn án, bí wọn kò bá sì rí háàdì dísìkì, ibi tí fáìlì ń gbé, lójú rẹ̀, wọ́n á sọ fún ẹni tí ó ni ín pé dísìkì ti kú, kí ó lọ ra òmíràn. Ìdájọ́ tí ó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Páwà páàkì ṣeé rà, dísìkì pẹ̀lú ṣeé rà, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn kó pamọ́ sínú dísìkì kò sí ní ọjà kankan, síbẹ̀ wọ́n máa ń pe dísìkì ní òkú nígbà púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé mítà tí a fi ń wọn fólítì lé e.

Dísìkì tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ wá láti Ìtòkú, láti ọwọ́ ìyá kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ àdìrẹ. Àwòrán àwọn aṣọ tí ìyá tiwọn pa láró láyé àtijọ́ ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn bátànì tuntun tí ọmọ wọn yà sórí kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹ̀dà ìkankan níbòmíràn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ti fi páwà páàkì tuntun sí i. Ó sọ fún wọn pé bí òun bá so dísìkì náà mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà kì í tàn rárá, ṣùgbọ́n bí òun bá yọ ọ́, á tàn, nítorí náà dísìkì ti jóná kọjá àtúnṣe. Ìyá náà wí fún mi pé, “Ọmọ mi, ẹ̀rọ kọ́ ni mo ń wá, àwòrán aṣọ ìyá mi ni.” Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi dísìkì àti páwà páàkì àtijọ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, nítorí pé ohun tí wọ́n fi dájọ́ ikú fún dísìkì náà gan-an ni ó fún mi ní ìrètí.

Kí ìdí rẹ̀ tó lè yé ni, ó yẹ kí a tẹ̀lé iná láti òpó títí dé inú dísìkì. Iná tí ń wọ ilé wa yẹ kí ó wà ní nǹkan bí 230 fólítì. Ìlà mẹ́ta ni ó ń jáde láti ara tiransifọ́mà, pẹ̀lú wáyà kẹrin tí a ń pè ní niútírà. Láàárín ìlà kan àti niútírà ni a ti ń rí 230 yìí, ṣùgbọ́n láàárín ìlà kan sí èkejì, ó máa ń tó 400. Bí atẹ́gùn òjò bá já niútírà, tàbí tí ibi tí wọ́n so ó sí bá ti dípẹtà, iná kì í pín dọ́gba mọ́: àwọn ilé kan á máa rí èyí tí kò tó, àwọn mìíràn á sì máa rí èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400. Nínú ilé tí ó bọ́ sí apá kejì yìí, gílóòbù á mọ́lẹ̀ gidigidi kí ó tó bẹ́, ohunkóhun tí ó bá sì wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì lákòókò náà á jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Páwà páàkì ni ó dúró láàárín irú iná bẹ́ẹ̀ àti àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ó ń sọ iná náà di 12 fólítì, 5 fólítì àti 3.3 fólítì. Dísìkì ńlá ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń lo méjì nínú wọn: 12 ni ó ń yí mọ́tò rẹ̀, 5 ni ó ń bọ́ bọ́ọ̀dù rẹ̀, dísìkì kékeré ti láàpútọ́ọ̀pù kì í sábà lò ju 5 lọ. Páwà páàkì tí ó dára ní ètò ààbò tí ó máa ń pa á fúnra rẹ̀ bí fólítì tí ń jáde bá ti ń ga jù. Àwọn tí ó fúyẹ́ lọ́wọ́, tí owó wọn kò tó nǹkan, èmi kò fọkàn tán wọn, nítorí mo ti tú nínú wọn tí àyè tí ó yẹ kí ẹ̀yà ààbò wà lórí bọ́ọ̀dù wọn ṣófo gbáà.

Àìsàn páwà páàkì mìíràn wà tí ń ṣi ènìyàn lọ́nà ju àpọ̀jù iná lọ, òun náà ni àìtó. Ooru máa ń gbẹ àwọn kàpásítọ̀ inú rẹ̀, ẹ̀yà tí ń gba iná pamọ́, díẹ̀díẹ̀ títí orí wọn á fi wú, agbára 12 fólítì á sì máa wálẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Nígbà tí dísìkì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ni ó ń fa iná jù lọ, nǹkan bí 2 áńpíà lórí ìlà 12, iye tí ó ju èyí tí ó ń lò lọ nígbà tí ó bá ti ń yí geere. Bí páwà páàkì kò bá lè gbé e, dísìkì á bẹ̀rẹ̀, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀, á sì máa dún kà, kà, kà. Ìró yìí kan náà ni dísìkì tí orí ìkàwé rẹ̀, ẹ̀yà tí ń ka ohun tí ó wà lórí àwo rẹ̀, ti bàjẹ́ máa ń ṣe. Ẹni tí ó bá fi etí nìkan ṣe àyẹ̀wò á dájọ́ ikú fún dísìkì tí ebi iná lásán ń pa.

Nítorí náà, páwà páàkì ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, òun nìkan, láìso dísìkì kankan mọ́ ọn. N kì í mú dísìkì mìíràn tí ó ṣì dára wá fi dán an wò, nítorí páwà páàkì tí ó pa àkọ́kọ́ lè pa èkejì lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń fi wáyà kékeré so wáyà aláwọ̀ ewé inú ṣọ́kì ńlá rẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn dúdú kí ó lè tàn, lẹ́yìn náà ni màá gbé mítà lé wáyà aláwọ̀ ìyeyè, èyí tí ó yẹ kí ó wà láàárín 11.4 sí 12.6, pupa, láàárín 4.75 sí 5.25, àti aláwọ̀ ọsàn, láàárín 3.14 sí 3.47. Ìwọ̀n yìí kò tíì tó, nítorí èyí tí ń ṣàìsàn lè fi nọ́ńbà tí ó dára hàn nígbà tí kò gbé ẹrù kankan. Gílóòbù ọkọ̀ ni mo máa ń so mọ́ ìlà 12, kí n tó tún un wọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ tú u, nítorí kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè ṣì gbé ju 300 fólítì lọ lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Páwà páàkì àtijọ́ tí ìyá náà fi sílẹ̀ fi ju 14 fólítì hàn lórí ìlà 12. Ìlà 5 rẹ̀ wà níbi tí ó yẹ. Èyí ti fi ẹni tí mo yẹ kí n wá hàn mí.

Lórí bọ́ọ̀dù tí ó wà ní abẹ́ dísìkì, nítòsí ibi tí a ń ki wáyà iná sí, àwọn tí ó ṣe é sábà máa ń jó dáyóòdù kékeré méjì mọ́ ọn, ọ̀kan fún 12, ọ̀kan fún 5. Nígbà tí iná bá dára, wọn kì í ṣe nǹkan kan. Bí fólítì bá kọjá ààlà, wọ́n á darí àpọ̀jù náà tààrà sí ìlà wáyà dúdú kí ó má baà dé inú dísìkì, bí ó bá sì pẹ́ jù, wọ́n á jóná, wọ́n á sì ṣọ́ọ̀tì pátápátá, ìyẹn ni pé iná á máa gba ara wọn kọjá láìsí ìdènà. Aṣọ́bodè ni wọ́n, tí ó kú sẹ́nu ibodè kí ogun má baà wọ ìlú. Láti ìgbà náà lọ, páwà páàkì yòówù tí a bá so mọ́ dísìkì náà á rí ṣọ́ọ̀tì, á sì kọ̀ láti tàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Ìdí nìyí tí “kì í tàn bí a bá so ó, á tàn bí a bá yọ ọ́” fi jẹ́ ìròyìn ayọ̀ létí mi. Dísìkì tí iná kò tíì wọ inú rẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo gbé mítà lé e. Láàárín ojú 12 àti ti wáyà dúdú, ìdènà iná fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0 óòmù. Ní ojú 5, kò sí ṣọ́ọ̀tì. Mo fi áyọ́ọ̀nù tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì yọ dáyóòdù 12 náà kúrò, ìdènà náà sì padà sókè. Mo wá so dísìkì náà mọ́ páwà páàkì tí mo ti wọ̀n dáadáa, ó sì yí láìsí ìró àjèjì kankan.

Kì í fìgbà gbogbo rọrùn báyìí. Bí ṣíìpù orí bọ́ọ̀dù bá ti jóná, a ní láti wá bọ́ọ̀dù mìíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu, pípààrọ̀ rẹ̀ lásán kì í sì í tó lórí àwọn dísìkì òde òní, nítorí ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan sábà máa ń wà lórí rẹ̀ tí ó gbé ìwọ̀n àti ètò tí wọ́n ṣe fún orí ìkàwé dísìkì kan ṣoṣo yẹn ní ilé iṣẹ́. Òun ni a gbọ́dọ̀ jó kúrò lára ti àtijọ́ kí a sì jó mọ́ tuntun. Bí iná bá ti kọjá bọ́ọ̀dù dé ẹ̀yà kékeré tí ó wà lára apá orí ìkàwé nínú lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀dù tuntun kò lè ràn án lọ́wọ́. Níbi tí ọ̀ràn bá dé yìí ni mo máa ń dúró. Orí ìkàwé ń fò lókè àwo dísìkì ní ìwọ̀n nanomítà díẹ̀ péré, eruku ọyẹ́ kan ṣoṣo sì tóbi ju àlàfo yẹn lọ fíìfíì, nítorí náà ẹni tí ó bá ṣí dísìkì lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù ni ó ń pa á gan-an.

Lẹ́yìn tí dísìkì bá ti yí, ohun àkọ́kọ́ ni ẹ̀dà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ́ kí Windows máa “tún” fáìlì ṣe lórí rẹ̀ ń fi ohun tí ó kù wewu. Ddrescue, ètò ọ̀fẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ni mo ń lò: ó máa ń kọ́kọ́ kó ibi tí ó rọrùn láti kà, kí ó tó padà sí ibi tí ó le, ó sì ń kọ ibi tí ó dé sílẹ̀ sínú fáìlì kan, tí ó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, á tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Fún àwa tí ń gbé ibi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ohun ńlá ni èyí.

Ìgbà tí ẹ̀dà parí ni mo wo àkọsílẹ̀ SMART, èyí tí dísìkì ń kọ nípa ìlera ara rẹ̀. Nọ́ńbà 5, 197 àti 198 ni ó ń sọ nípa ojú àwo tí kò ṣeé kà. 199 sábà máa ń tọ́ka sí wáyà dátà tí kò jókòó dáadáa. Ti dísìkì yìí fi ẹyọ díẹ̀ hàn lórí 197. Èyí kò bà mí lẹ́rù, nítorí iná tí ó lọ lójijì nígbà tí dísìkì ń kọ nǹkan lọ́wọ́ lè fi ibi tí a kò kọ tán sílẹ̀, tí ó máa ń padà bọ̀ sípò bí a bá tún kọ nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Àwọn fáìlì bátànì mélòó kan kò ṣí. Àwòrán aṣọ ìyá wọn pé.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí dísìkì tuntun àti sórí òmíràn tí ọmọ wọn ń tọ́jú síbòmíràn. Dísìkì àtijọ́ náà ṣì ń yí, ṣùgbọ́n kò ní ààbò mọ́ lórí ìlà 12, nítorí náà mo kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lò ó sí kọ̀ǹpútà mọ́. Ní ti páwà páàkì tí ó fa gbogbo rẹ̀, mo gé wáyà rẹ̀ kí n tó dà á nù, kí ó má baà padà sórí tábìlì ẹni tí ń ta àlòkù.