Ọdún 2025 ní Ìwòpin: bébà, pákó mẹláínà àti ohùn àwọn àgbà

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin báyìí, mo máa ń ṣírò ohun tí mo kọ, ohun tí mo kà àti ohun tí mo ṣì jẹ àwọn èèyàn. Ti ọdún yìí yàtọ̀, torí kì í ṣe iṣẹ́ tèmi nìkan ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwa díẹ̀ tí à ń kọ̀wé, tí à ń yàwòrán, tí à ń gbẹ́ pákó ní Ìwòpin, létí ọ̀sà, ní apá Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń pè ní Wọ́tásáìdì.

Ẹni tí kò bá mọ Ìwòpin, ibẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kí wọ́n ti máa ṣe bébà ìkọ̀wé fún Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ bébà mẹ́ta ni ìjọba dá lé: Jẹ́bà, Oku Iboku ní ilẹ̀ Akwa Ibom, àti tiwa yìí. Bébà ìwé ìròyìn ni ti Oku Iboku. Bébà tí ọmọ iléèwé ń kọ nǹkan sí, tí wọ́n sì fi ń tẹ ìwé kíkà, ni tiwa. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbin igi gmelina, tí gbogbo wa ń pè ní mẹláínà, sínú igbó ọba, títí kan igbó Ọmọ, kí wọ́n lè máa gé e, kí wọ́n sè é, kí wọ́n sọ ọ́ di bébà. Éṣíà ni igi náà ti wá, àmọ́ ó tètè ń dàgbà, bí wọ́n bá sì gé e, kùkùté rẹ̀ á tún rúwé. Igi dàgbà. Bébà ni kò jáde bí wọ́n ṣe pinnu rẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba ta ilé iṣẹ́ náà. Àwọn onígẹdú àti àwọn ilé ìlagi ló wá ń la mẹláínà sí pákó, títí dòní sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ bébà tí àwọn atẹ̀wé wa ń lò ń ti òkè òkun wá.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ọwọ́ tèmi lọ́dún yìí. Mo parí ìwé ìtàn kékeré kan, mo gbé e lọ sí Ṣómólú fún títẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti ní kí ọjà máa pinnu iye tí náírà jẹ́ sí owó òkèèrè, iye bébà kò dúró sójú kan mọ́. Atẹ̀wé dá iye lé e, kí n tó kó owó jọ, iye ti yí padà, mo sì ní láti dín ẹ̀dà tí mo fẹ́ tẹ̀ kù. Ó dùn mí wọra. Ìlú tí wọ́n gbin igi sí nítorí ìwé ni mò ń gbé, mo sì ń wá bébà tí ọkọ̀ òkun gbé wá. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kìíní ní Ìwòpin náà ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ a, b, d sórí bébà àjòjì.

Mo mọ̀ pé àwọn ayàwòrán fẹ́ràn ilé iṣẹ́ tó ti dákẹ́. Wọ́n á wá láti Èkó, wọ́n á ya irin tó ti dípẹtà àti igbó tó hù gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n á sì padà. Àwòrán náà á rẹwà. Èmi kò fara mọ́ ọn. Àwòrán ibi iṣẹ́ tí kò sí òṣìṣẹ́ kankan nínú rẹ̀ ń sọ fún aráyé pé kò séèyàn níbẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn náà wà láàyè, wọ́n ń ta ẹja lọ́jà, wọ́n ń jókòó níwájú ilé wọn ní ìrọ̀lẹ́.

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí mo fọkàn sí jù lọ́dún yìí fi jẹ́ gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń hu ọ̀gbìn mẹláínà. Wọ́n ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣa èso rẹ̀ tó bá já bọ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bó ẹran ara rẹ̀ kúrò lára kóró, tí wọ́n á rẹ kóró náà sómi kí wọ́n tó gbìn ín. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ọwọ́ wọn ń ṣe é lójú afẹ́fẹ́. Ìyá kan se oúnjẹ fún àwọn tó kọ́ ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ṣì rántí ẹni tó máa ń jẹun láwìn àti ẹni tó máa ń sanwó kó tó jókòó. Wọ́n rántí ariwo ọkọ̀ tó ń kó irin kọjá lóru. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó wá sí wọn lọ́kàn nígbà tí iṣẹ́ dúró. Ìyá ní kò sẹ́ni tó sọ fáwọn pé iṣẹ́ ti dúró. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn kàn ń retí, ọ̀sẹ̀ tó tún ń bọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu wọn ní Ìjẹ̀bú ni mo ṣe kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n tún un ṣe sí Yorùbá ìwé, kó lè yé ará Ọ̀yọ́ àti ará Èkìtì. Mo kọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyá yìí, kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Bàbá mẹláínà papò dà ní oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó wá láti Èkó ní kí n jẹ́ káwọn gbọ́ ohùn bàbá. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò mọ̀ rí pé bàbá àgbà òun gbin igi fún ìjọba. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi àbẹ̀wò kankan falẹ̀ mọ́.

Ẹnì kejì mi nínú iṣẹ́ yìí jẹ́ ayàwòrán. Pákó mẹláínà ló ń gbẹ́. Ó ní igi náà fúyẹ́, ó funfun, kì í sì í bá ọ̀bẹ jà. Á gbẹ́ ojú èèyàn sí i, á fi yíǹkì kùn ún, á tẹ́ bébà lé e, á sì fi ẹ̀yìn ṣíbí rà á títí àwòrán á fi jáde. Ojú àwọn tí mo gba ohùn wọn ló ń gbẹ́, a sì ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn sísàlẹ̀ rẹ̀. Etí àwòrán ló fi ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ sí, àwọn ọnà tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú-Òde ń hun sára aṣọ ọlọ́nà tí àwọn Òṣùgbó, ìyẹn ẹgbẹ́ Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ń lò. Igi tí wọ́n gbìn fún bébà wá dé ara bébà nígbẹ̀yìn, ó gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀ ni. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe lọ́dún yìí, òun ló wú mi lórí jù.

Àwọn kan máa ń sọ fún wa pé ká ṣe bíi North Adams, ìlú kékeré kan ní Massachusetts, l'Amẹ́ríkà. Ọgbà ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán sára aṣọ títí di 1942. Ilé iṣẹ́ Sprague tó ń ṣe ohun èlò iná mànàmáná gba ọgbà náà, òun náà sì fi í sílẹ̀ ní 1985. Nígbà tó di 1999, wọ́n ṣí ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá kan síbẹ̀, MASS MoCA, pẹ̀lú owó ìjọba ìpínlẹ̀ nínú. Mo yọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tiwọn ti bọ́ ìran mélòó kan kó tó kógbá sílé. Tiwa dákẹ́ kó tó bọ́ ẹnikẹ́ni yó. Nítòsí wa ni mo ti rí àpẹẹrẹ tó bá wa mu jù. Hubert Ògúndé, eléré orí ìtàgé, ọmọ Òsósà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, gbajúmọ̀ káàkiri, síbẹ̀ ìlú ara rẹ̀ ló kọ́ abúlé sinimá sí. Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, náà dá oko sílẹ̀ ní Ìkíṣẹ, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń wá gbé láti ọdún 2022.

Ọdún yìí kan náà ni Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀, wàjà, ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, lẹ́yìn ọdún 65 lórí oyè. Oṣù Kẹfà ni a ṣe Ojúde Ọba, àjọ̀dún ńlá Ìjẹ̀bú, tó gbẹ̀yìn ayé wọn. Ọ̀rẹ́ wa tó ń ya fọ́tò wà níbẹ̀, ó tà dáadáa, lára owó náà ló sì fi ra yíǹkì fún wa.

Ní ọdún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwòpin la ó ti kọ́kọ́ gbé àwọn àwòrán náà kọ́, kó tó di pé Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Èkó rí i. Àwọn tí a gbẹ́ ojú wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ojú ara wọn. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bébà tàbí nínú oko mẹláínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú àpótí wọn: fọ́tò, káàdì òṣìṣẹ́, ìwé owó oṣù. A ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a ó sì dá a padà fún yín. Bí wọ́n bá ṣì wà láàyè, ẹ sọ fún wọn pé à ń bọ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó di lẹ́yìn ọdún tuntun.