Kì í Ṣe Gbogbo Bààlúù Ẹlẹ́ńjìnnì Méjì Ni Dakota

Fọ́tò bààlúù pọ̀ nínú àpótí àwọn òbí wa àgbà. Ẹni tó ń lọ kàwé nílùú òyìnbó á dúró lábẹ́ apá ọkọ̀, ẹbí á yí i ká pẹ̀lú aṣọ òkè àti gèlè, wọ́n á kọ "Ìkẹjà" sẹ́yìn fọ́tò náà láìkọ ọdún. Bí irú rẹ̀ bá jáde lónìí, ẹnì kan á ní Dakota ni, ìyẹn bààlúù ẹlẹ́ńjìnnì méjì tó lókìkí jù, gbogbo ilé á sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí, torí pé ọkọ̀ yẹn lè sọ ọdún tí wọ́n ya fọ́tò náà, nígbà mìíràn ó lè sọ oṣù pàápàá, bí a bá fara balẹ̀ kà á.

Skánà ni kí ẹ lò, ẹ má fi fóònù yà á. Fọ́tò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ń fẹ́ 1200 dpi, ìyẹn iye àmì kéékèèké tí skánà ń kà nínú íńṣì kan. 600 tó fún èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ fíìmù milimítà 35 lẹ ní lọ́wọ́, ẹ lo 2400 sí 3200. Kódà bí fọ́tò bá jẹ́ dúdú òun funfun, ipò àwọ̀ ni kí ẹ fi skánà sí, kí àbàwọ́n àti ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ lè yọ dáadáa. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí TIFF, ẹ ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ náà, kí ẹ sì máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà. Ohun tó yẹ kí ẹ sá fún jù ni àwọn áàpù AI tó ń "tún fọ́tò ṣe". Bí lẹ́tà kan bá ti ṣú, áàpù á fi èyí tó wù ú dí àyè rẹ̀. Lẹ́tà náà á dán gbinrin, àmọ́ irọ́ ni.

Kí ẹ tó wo ọkọ̀ rárá, ẹ wò ó bóyá òdìkejì fíìmù ni wọ́n tẹ̀. Bí kò bá sí lẹ́tà tí ẹ lè fi mọ̀, ẹ wo kóòtù àwọn ọkùnrin: apá òsì kóòtù ló máa ń bo ọ̀tún. Bó bá jẹ́ òdìkejì lára gbogbo wọn, ẹ yí fọ́tò náà padà. Àwọ̀ náà máa ń tanni jẹ. Fíìmù orthochromatic, irú èyí tí wọ́n lò gan-an nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, kì í rí pupa. Pupa á di dúdú, búlúù á fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun, yẹ́lò á ṣókùnkùn. Nítorí náà, nínú àmì olóbìírípo ti ológun Gẹ̀ẹ́sì, àárín tó jẹ́ pupa á dúdú, etí tó jẹ́ búlúù á sì ṣí. Ẹ má ṣe sọ pé "dúdú ni wọ́n kùn ún" nítorí pé ó dúdú lójú yín.

Ó wá ku kíkà. Ẹ́ńjìnnì mélòó ni? Ṣé òkè ara ọkọ̀ ni apá wà, àbí ìsàlẹ̀, àbí onípele méjì ni? Ṣé abẹ́ imú ni táyà kékeré wà, àbí abẹ́ ìdí? Ìrù tó dúró lóòró, ẹyọ mélòó? Fèrèsé ńkọ́, ó rí roboto àbí ó ní igun? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ ọkọ̀ kankan. Bí orúkọ bá ti wọ èèyàn lọ́kàn, ohun tó bá orúkọ náà mu nìkan ni ojú rẹ̀ á máa rí.

Bó bá jẹ́ onípele méjì tó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, ẹ kọ́kọ́ ro DH.86. Òun ni Imperial Airways, ilé iṣẹ́ bààlúù Gẹ̀ẹ́sì, fi ń gbé lẹ́tà láti Khartoum wá sí Kano ní 1936, wọ́n sì mú un dé Èkó kí ọdún náà tó parí. Bó bá jọ ọ́ gan-an ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ méjì, Dragon Rapide ni. Lẹ́yìn ogun, West African Airways Corporation, WAAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, gba ojú òfurufú wa. Bààlúù rẹ̀ tó ń jẹ́ Dove kéré: mítà 17.4 ni apá rẹ̀ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, ẹ́ńjìnnì méjì, táyà lábẹ́ imú, òrùlé yàrá awakọ̀ rẹ̀ sì yọ bí iké. Bí irú ara yẹn bá gùn sí i, tó sì ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, Heron ni. Marathon ní apá lókè, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, ìrù mẹ́ta tó dúró lóòró. Kò ṣeé ṣì mú. Bristol 170 náà ní apá lókè, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, imú rẹ̀ rí kùmọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ká wọlé. Èyí tí wọ́n sábà máa ń fi orúkọ Dakota pè ni Viking. Apá àwọn méjèèjì kò sí lókè, táyà kékeré wọn sì wà lábẹ́ ìdí. Ṣùgbọ́n Viking sanra ju Dakota lọ. Fèrèsé rẹ̀ rí bí ẹyin, ti Dakota ní igun.

Èèyàn tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà gan-an ṣeé fi wọn ọkọ̀: ẹ ka píksẹ́lì láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí rẹ̀, kí ẹ gbà pé mítà 1.7 ni. Ẹni tó wà níwájú, nítòsí kámẹ́rà, kò ṣeé lò. Á mú kí Dakota, tí apá rẹ̀ jẹ́ mítà 29, dà bí Dove.

Fọ́tò ológun láàárín 1940 sí 1943 ní ọ̀nà tirẹ̀. Inú àpótí ni wọ́n ti kó àwọn ọkọ̀ ogun náà wá sí Takoradi ní Gold Coast. Wọ́n tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń fò wọ́n gba Èkó, Kano, Maiduguri àti Khartoum lọ sí Íjíbítì. Ìpín àkọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 20 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1940. Hurricane ni ẹ ó rí jù níbẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa pè é ní Spitfire. Ẹ wo ẹsẹ̀: ti Hurricane jìnnà síra, ti Spitfire sún mọ́ra. Ìdajì ẹ̀yìn ara Hurricane jẹ́ aṣọ tí wọ́n nà, ìlà gbọọrọ sì yọ lára rẹ̀. Asẹ́ tó ń dènà eruku aṣálẹ̀ máa ń yọ lábẹ́ imú rẹ̀ bí àgbọ̀n, ṣùgbọ́n Spitfire tó lọ sí aṣálẹ̀ náà ní in, nítorí náà ẹ má fi àgbọ̀n nìkan dájọ́.

Lẹ́tà ìdánimọ̀ ló ń yọ ọkọ̀ kan ṣoṣo láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. VR-N ni ti Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó di 5N- lẹ́yìn òmìnira. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń lo G-, Faransé F-, Dahomey tó di Benin ń lo TY-, Togo 5V-. Bí èèyàn bá dí lẹ́tà tó kẹ́yìn, ẹ kọ VR-NA pẹ̀lú àmì ìbéèrè, kí ẹ wá to gbogbo èyí tó ṣeé ṣe, kí ẹ sì yọ àwọn tí irú ọkọ̀ wọn kò bá mu. C àti G, E àti F, O àti Q ló máa ń jọra jù nínú fọ́tò tó ṣú.

Bí lẹ́tà bá ti pé, ọdún á bẹ̀rẹ̀ sí í fún. VR-NAD, Bristol 170 ti WAAC, já nítòsí Calabar ní ọjọ́ 5 oṣù Fẹ́búárì, 1955, nítorí náà fọ́tò rẹ̀ kò lè pẹ́ ju ọjọ́ yẹn lọ. Bààlúù VC10 tó ń jẹ́ G-ARVA ní BOAC, ilé iṣẹ́ bààlúù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, di 5N-ABD lọ́wọ́ Nigeria Airways ní 1969, ó sì já ní Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún kan náà. Fọ́tò tó bá fi 5N-ABD hàn ti bọ́ sáàárín oṣù díẹ̀ péré. Ọkọ̀ kan náà lè pa lẹ́tà dà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó kọ́ ọ fún un ni kì í yí padà, òun sì ni kí ẹ máa tẹ̀ lé láti ìwé kan sí èkejì. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, wọ́n máa ń fún ọkọ̀ tuntun ní lẹ́tà àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó ti kú.

Ibi tí mo máa kọ́kọ́ rán yín lọ ni G-INFO, rẹ́jísítà bààlúù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti CAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ti skáànì ojú ewé rẹ́jísítà àtijọ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó di VR-N ti jẹ́ G- rí, ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ níbẹ̀. Àwọn ìwé Air-Britain, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ ìtàn bààlúù, ń sọ ìtàn ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní CO 1069. Ti ogun, ẹ wo Imperial War Museums. Ìwé ìjọba àtijọ́ ń bẹ ní National Archives ní Ìbàdàn, ó sì yẹ kí ẹ lọ fojú ara yín wò ó.

Bí ẹ bá parí, pẹ́ńsù rírọ̀, bíi 2B, ni kí ẹ fi kọ èsì sẹ́yìn fọ́tò, lórí ibi tó le. Báírò máa ń yọ sí iwájú. Ẹ kọ irú ọkọ̀, lẹ́tà rẹ̀, ọdún tó lè pẹ́ jù àti èyí tó lè yá jù, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ rí pẹ̀lú ojú yín àti èyí tí ẹ fi ọgbọ́n ro. Àkọlé àtijọ́ náà, ẹ má pa á rẹ́, kódà bó bá jẹ́ "Dakota" ni wọ́n kọ sí i.