Ibo lò ń lọ?

Ọ̀rọ̀ kan wà lédè àwọn ará Jámánì: spazieren. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kéèyàn máa rìn láìjẹ́ pé ó ń lọ síbì kan. Ọdún kejì mi ní Leipzig ni mo tó mọ̀ pé wọn kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ọmọ kíláàsì mi kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ṣé mo lè bá òun rìn lọ́jọ́ Sátidé, kì í ṣe Sátidé tó ń bọ̀ o, èyí tó tẹ̀ lé e, láago méjì ọ̀sán. Mo bi í pé kí la fẹ́ lọ ṣe. Ó ní a fẹ́ lọ rìn ni.

Oṣù kẹrin ni. Igbó kan wà láàárín ìlú Leipzig, Auwald lorúkọ rẹ̀. Tó bá dìgbà yẹn lọ́dún, ewé kan a máa bo gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, òórùn aáyù ni yóò sì gba igbó kan. Wọ́n ń já a sebẹ̀. A rìn fún wákàtí mẹ́ta, a kò kí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò kí wa. Nígbà tí ebi dé, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kálukú ṣí ike oúnjẹ rẹ̀. Búrẹ́dì ló wà nínú tirẹ̀, ìrẹsì àná ló wà nínú tèmi. Mo ní kó wá bá mi jẹ ẹ́. Ó ní rárá, òun ní tòun. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́. Àmọ́ orí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni mo ti sọ ohun tí n kò tíì lè sọ nílé, pé ẹ̀kọ́ tí mo torí ẹ̀ wọ bàálù kò wù mí mọ́. Kò gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó gbọ́ ọ tán pátápátá.

Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, mo ní kí n dán irú ìrìn yẹn wò n'Ílọrin. Mo jáde nílé wa l'Ókèlele láàárọ̀, mo ju apá, mo kọrí sọ́nà Ìpàta. N kò tíì rìn jìnnà tí ìyá alákàrà fi pè mí.

"Ọmọ Àlhájì, ibo lò ń lọ?"

Mo ní mo kàn ń rìn ni, mà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé kò sí o?"

Awakọ̀ kòrópé kan rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Ọjà Ọba! Wọlé!" Mo ní n kò lọ. Ó wò mí lókè-nílẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ pé owó ló kù, kí n wọlé, òun máa gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́. Kí n tó dé Ìpàta, màmá mi ti pè mí lórí fóònù pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Bí mo ṣe kọ́ irọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti bi mí báyìí, mo ní mò ń lọ kí Ìyá àgbà ní Dàda. Gbogbo wọn á ní ká bá wọn kí i. Ìgbà tí ìkíni náà pọ̀ lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ṣẹ́rí padà, mo lọ sí Dàda lóòótọ́.

Èèyàn ò sì lè lọ lọ́wọ́ òfo. Obìnrin Fúlàní kan gbé igbá wàrà kalẹ̀ lẹ́bàá ọjà. Oje ewé bọmubọ́mú ni wọ́n ń dà sí mílíìkì lórí iná tó fi ń dì. Ó fi ṣíbí yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan látinú omi wọn, ó jẹ́ kó ro, ó kó wọn sínú ọ̀rá, ó wá ju kékeré kan sí i: èènì. Ní Leipzig, wàrà kan tí wọ́n ń pè ní halloumi ni mo fi ń dípò rẹ̀. Àwọn Lárúbáwá ń tà á ní òpópónà Eisenbahnstraße. Ó ṣeé dín, ó tilẹ̀ ń dún lẹ́nu bíi wàrà, àmọ́ iyọ̀ rẹ̀ kọjá kèrémí, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi. N ò sì tíì rí ẹni tó fi èènì sí i fún mi.

Ìyá àgbà ń mọ ìkòkò nígbà tí mo dé. Ó da ògbólógbòó ìkòkò kan dé, ó ń na amọ̀ lé ìdí rẹ̀ lórí, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró bó ṣe ń dáhùn ìkíni mi. Kò pẹ́ ni ọkà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì dé, abọ́ kan, ọwọ́ mẹ́ta. Ó rán ọmọ kan lọ ra mínírà fún mi, ó sì fún un ní òfìfo ìgò mú dání. Ẹ̀rín pa mí. Àwọn ará Jámánì rò pé àwọn nìkan ló gbọ́n débi gbígba owó ìgò padà, sẹ́ńtì 25 lórí ike kan!

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ mi fún Ìyá àgbà. Mo ní, "Ìyá, ìwé tí mò ń kà yìí..." Ẹnì kan kígbe sálámù lẹ́nu ọ̀nà. "O bá wa ire, wá jẹun." Ìyẹn jókòó, ó bá mi kí gbogbo ará Jámánì. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan náà kí wọ́n tó pèrun Àsárì, ó sì wà lẹ́nu mi títí mo fi padà wọ bàálù. Síbẹ̀, ká ní wọ́n ní kí n mú ọjọ́ kan nínú méjèèjì, ti Dàda ni màá mú. Ikùn mi kún, wọ́n tún di ẹran lé mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, mò ń dá rìn létí odò ní Leipzig, màmá mi pè.

"Níbo lo wà?"

"Mo wà níta, mà."

"Ibo lò ń lọ?"

Mo ní mò ń lọ sọ́jà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ṣọ́ọ̀bù ló máa ń wà ní títì lọ́jọ́ Sọ́ńdè níbí, àmọ́ wọn ò mọ̀. Wọ́n ní kí n bá wọn kí àwọn ọlọ́jà.