Àyẹ̀wò ọdún: ọdún tí mo fi sáré láìsí ìdíje

Mi ò sá ìdíje kankan lọ́dún yìí. Mi ò fi nọ́ńbà há àyà, mi ò sì ní mẹ́dàlì tuntun tí n ó gbé kọ́ ògiri. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìdíje ló ń darí gbogbo eré mi. Èèyàn á mú ọjọ́ ìdíje, á ka ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 16 sẹ́yìn, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, á dín in kù kí ẹsẹ̀ lè sinmi. Bí ìdíje bá parí, ó tún di ìsinmi míì. Ká tó wí ká tó fọ̀, ọdún ti lọ, gbogbo eré tí a sá láàárín rẹ̀ kò sì ju ìgbáradì fún òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Mo fẹ́ mọ bí eré sísá ṣe ń rí nígbà tí kò sí ọjọ́ kankan tó ń dúró dè mí níwájú. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, inú mi sì dùn sí ohun tí mo rí.

Kí wá ni èèyàn máa fi wọn ọdún tí kò ní ìdíje? Ojú ọ̀nà kan wà tí mo máa ń sá ní ìparí oṣù, ó tẹ́jú, kò ní òkè. N ó sáré níbẹ̀ láì jẹ́ kí ọkàn mi lù kọjá 140 ní ìṣẹ́jú kan, n ó sì wo àkókò tó gbà mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti dojú kọ mí, ó di dandan kí n máa fi ẹsẹ̀ rìn, torí ọkàn á ti fẹ́ kọjá ààlà. Ní báyìí, bí ọkàn mi ṣe ń lù nígbà yẹn náà ló ṣì ń lù, àmọ́ àkókò ti dín ní bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Kò sí mẹ́dàlì tó sọ irú ìyẹn fún mi rí. Ohun tí mo lè ṣe ní ọjọ́ kan tí mo bá ná gbogbo agbára mi tán ni ìdíje máa ń sọ. Èyí ń sọ bí ara mi ṣe rí lójoojúmọ́, ìyẹn ló sì jẹ mí lógún.

Eré jẹ́jẹ́ ló ṣe é. Eré jẹ́jẹ́ ni èyí tí èèyàn lè máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, odindi gbólóhùn, láì mí hẹlẹ. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń sáré ní òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń fi ìtàn dán mi wò. Tí wọ́n bá rí i pé "ẹn, ẹn" nìkan ni mo fi ń dá wọn lóhùn, wọ́n á ní, "Àbúrò, dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ta ló ń lé ọ?" N ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bá ìtàn yín lọ," a ó sì rọra.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara nígbà náà ló wú mi lórí. Nígbà tí a bá ń sáré jẹ́jẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ara máa ń jó ọ̀rá púpọ̀, á sì máa ṣọ́ ṣúgà tó kó pamọ́ sínú ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ ná, torí ìyẹn kì í pọ̀. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín tó yí ẹran ẹsẹ̀ ká á máa pọ̀ sí i. Àwọn mitochondria, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń sọ oúnjẹ di agbára, á pọ̀ sí i pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde bó ṣe ń lù lẹ́ẹ̀kan á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ oṣù ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà, kò ṣeé kán lójú. Ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni, kì í ṣe tuntun. Arthur Lydiard, olùkọ́ eré ọmọ New Zealand, mú kí Peter Snell máa sá nǹkan bí 160 kìlómítà lọ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, eré mítà 800 tí kì í pé ìṣẹ́jú méjì ni Snell ń sá. Ó gba wúrà mítà 800 ní Olympics Róòmù lọ́dún 1960, ó sì gba ti 800 àti ti 1500 pọ̀ ní Tokyo lọ́dún 1964. Nígbà tó yá, Stephen Seiler, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Norway, wo bí àwọn ọ̀jẹ̀ tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn ṣe ń pín ìdánrawò wọn, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló jẹ́ wẹ́rẹ́. Tí àwọn yẹn bá lè fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ń lé èmi tí mò ń sáré kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Aago ọwọ́ mi tó ń ka bí ọkàn mi ṣe ń lù náà ní ìtàn tirẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún yìí ni mo mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Iná kéékèèké aláwọ̀ ewé ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tàn sí awọ ara; aago á máa wo bí ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ ṣe ń yí padà bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kọjá. Tí òtútù bá mú, ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò lábẹ́ awọ, aago á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan míì tó ń lù lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ kan tó tutù nini, mò ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, aago ń kọ 172. Ara fu mí. Mo ka ẹsẹ̀ mi bó ṣe ń kanlẹ̀ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú: 86. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 172 géérégé. Ẹsẹ̀ ni aago ń kà lójú mi, kì í ṣe ọkàn. Láti ìgbà náà, bẹ́líìtì àyà ni mò ń dè fún eré ìparí oṣù, nítorí iná mànàmáná tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń gbé jáde ni òun ń gbọ́. Ní ọjọ́ tí mi ò bá dè é, n ó sún aago sókè ní ìwọ̀n ìka méjì kọjá egungun ọrùn ọwọ́, n ó sì fún un díẹ̀ kí n tó jáde.

Ìṣirò "220, yọ ọjọ́ orí", tí wọ́n fi ń díwọ̀n iye ìgbà tí ọkàn lè lù jù lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí ọ̀pọ̀ aago sì fi ń pín eré sí jẹ́jẹ́ àti líle náà, ẹ rọra gbà á. Àárín gbùngbùn ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wí. Kò ṣàjèjì kí ọkàn ẹnì kan fi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ohun tí ìṣirò náà sọ, tàbí kó fi bẹ́ẹ̀ dín sí i. Èyí tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Tanaka àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2001, ìyẹn 208, yọ ọjọ́ orí tí a fi 0.7 sọ di púpọ̀, dáa jù ú lọ, síbẹ̀ àárín gbùngbùn lòun náà ń sọ. Ìtàn ẹ̀gbọ́n ni mo gbọ́kàn lé jù.

Bàtà ni mo ronú lé lórí jù lọ́dún yìí. Méjì ni mò ń pààrọ̀: ọ̀kan tí fóòmù rẹ̀ nípọn tó sì rọ̀, fún eré gígùn, èkejì tí abẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó sì le díẹ̀, fún ọjọ́ tí mo bá fẹ́ yára. Ibi tí ọ̀kan ń gbé ẹrù lé lára ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà kì í ṣe ojú ibì kan náà ni ìyà ń jẹ lójoojúmọ́. Afẹ́fẹ́ tíntìntín ló kún inú fóòmù. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fún wọn, tó bá pẹ́, wọn ò ní lè wú padà mọ́. Láàárín 500 sí 800 kìlómítà ni àwọn olùkọ́ eré sábà máa ń dárúkọ. Rọ́bà ìsàlẹ̀ ṣì lè dára lójú kí fóòmù òkè rẹ̀ ti kú. Bí mo ṣe ń mọ̀ nìyí: n ó gbé bàtà méjèèjì lé orí tábìlì, n ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú mi á fi bá gìgísẹ̀ wọn dọ́gba, n ó sì wò wọ́n láti ẹ̀yìn. Bàtà tuntun á dúró ṣánṣán. Èyí aláwọ̀ búlúù tí mo jáwọ́ nínú rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti fì síta, ẹ̀gbẹ́ fóòmù rẹ̀ sì ti hun jọ bí iwájú orí arúgbó. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, kò sì padà.

Wọ́n máa ń bi mí nípa bàtà onípátákó kábọ́ọ̀nù, ìyẹn bàtà eré tí wọ́n fi pátákó kábọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ tó le sínú fóòmù rẹ̀. Mi ò fojú yẹpẹrẹ wò ó. Nígbà tí wọ́n dán Nike Vaporfly àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú irú bàtà yìí, wò, agbára tí àwọn tó wọ̀ ọ́ ń ná fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Eliud Kipchoge, ọmọ Kẹ́ńyà, wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ sá kìlómítà 42.195 ní 1:59:40 ní Vienna, lóṣù kẹwàá ọdún 2019, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò kà á sí àkọsílẹ̀ àgbáyé torí bí wọ́n ṣe ṣètò àwọn tó ń sáré ṣíwájú rẹ̀. Lọ́dún 2020, World Athletics, àjọ tó ń darí eré sísá lágbàáyé, fi òfin dé e: ìdí bàtà ojú títì kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 40 lọ, pátákó inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n kìlómítà 14 sí 18 ní wákàtí kan ni àwọn tí wọ́n fi dán an wò ń sá, eré jẹ́jẹ́ mi kò sì dé itòsí ibẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tó nílò rẹ̀.

Ohun tó ṣe mí lóore ju bàtà tuntun lọ ni ihò okùn tó wà lókè pátápátá, tó sún sẹ́yìn díẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò. Ẹ má ṣe fi okùn kọjá sí òdìkejì níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó wà náà ni kí ẹ ti tì í bọ ihò òkè yẹn, kó di òrùka kékeré. Kí ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà. Ẹ wá ti orí okùn ọ̀tún gba inú òrùka òsì, kí ẹ ti ti òsì gba inú òrùka ọ̀tún, ẹ fà wọ́n wálẹ̀, kí ẹ tó so ó. Gìgísẹ̀ á jókòó pa, kò ní máa yọ̀ sókè sódò mọ́, ìka ẹsẹ̀ kò sì ní máa forí sọ iwájú bàtà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi máa ń dúdú tẹ́lẹ̀. Kò dúdú mọ́ láti ìgbà tí mo ti ń so okùn báyìí.

Ìbọ̀sẹ̀ òwú, mo ti bá a dágbére: ó ń mu òógùn, á wúwo, á sì mú ẹsẹ̀ lé róró. Fásílíìnì díẹ̀ láàárín itan kí n tó sá eré gígùn, ìyẹn náà tó. Ní ti omi, òùngbẹ ni mò ń tẹ̀ lé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 488 wò lẹ́yìn máratọ́ọ̀nù Boston ọdún 2002, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Àwọn tó ń mu omi ju ohun tí òógùn ń gbé lọ sì ni ó sábà máa ń ṣe.

Láàárín ọdún, iṣan tó so gìgísẹ̀ ọ̀tún mi mọ́ ẹran ẹ̀yìn ojúgun bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Lórí eré, kì í dùn mí. Òwúrọ̀ ló máa ń yọjú, ní ìgbésẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ìgbésẹ̀ kúkúrú, gìgísẹ̀ ò ní fẹ́ kan ilẹ̀, kó tó dẹ̀. Iṣan yẹn lágbára gan-an, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ọkàn àti ẹran ara á ti ṣe tán láti sáré sí i, òun ò tíì ṣe tán. Lọ́dún 1998, Håkan Alfredson, dókítà oníṣẹ́ abẹ egungun, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden tẹ ìwé jáde lórí àwọn asáré 15 tí gìgísẹ̀ ń dùn. Wọ́n ní kí wọ́n dúró létí àtẹ̀gùn, kí wọ́n máa rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀, ìgbà 180 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, gbogbo wọn ló sì padà sẹ́nu eré. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo fi ẹsẹ̀ kan dúró, mo gbé àpò tó wúwo kọ́ ẹ̀yìn, mo ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ kejì ni mo fi ń gòkè padà. Mo gé eré mi sí ìdajì, ọkàn mi sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Níbí yìí ni àìsí ìdíje ti ṣe mí lóore jù lọ. Oṣù mẹ́ta ni iṣan béèrè, oṣù mẹ́ta ni mo fún un, kò sí déètì kankan tó ń pè mí láti iwájú. Ní báyìí, tí mo bá jí, mo ń gba ilẹ̀ lọ tààrà.

Fún ọdún tó ń bọ̀, n ó sá ìdíje kan ṣoṣo, ìdajì máratọ́ọ̀nù, kìlómítà 21.1, sí apá ìparí ọdún. Mo fẹ́ rí ohun tí ìpìlẹ̀ yìí lè gbé. Títí di ìgbà tó bá ku oṣù mẹ́ta, eré jẹ́jẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, eré líle kan lọ́sẹ̀, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtẹ̀gùn fún gìgísẹ̀ kò dáwọ́ dúró, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, bóyá ó dùn mí tàbí kò dùn mí. Bẹ́líìtì àyà ṣì wà fún ìparí oṣù. Bàtà tí n ó fi rọ́pò aláwọ̀ búlúù yẹn ni mo kù láti mú: mo fẹ́ èyí tí fóòmù rẹ̀ nípọn láìní pátákó, tí iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó kí ìka ẹsẹ̀ lè tẹ́ sílẹ̀, tó sì ní ihò okùn òkè yẹn.