Ohun tí ìyá ẹyẹ jẹ ń bẹ nínú ẹyin rẹ̀

Ní òwúrọ̀ Sátidé tó kọjá, mo fẹ́ kó ẹyin àwọn adìẹ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni ọ̀kan bá fọ́ sí mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ n kò tẹ̀ ẹ́ rárá. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ìyá mi wò ó, wọ́n ní ìkarahun tí a máa ń lọ̀ mọ́ oúnjẹ àwọn adìẹ náà ló ti tán láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹyẹ òfú (pelican) etíkun California ní Amẹ́ríkà, tí nǹkan mìíràn ń ba ẹyin wọn jẹ́. Ní ọdún 1970, nínú ìtẹ́ 552 tí wọ́n kà ní erékùṣù Anacapa, ọmọ kan ṣoṣo ló yè. Òfú kì í fi àyà sàba bí adìẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀, tí awọ so ọmọ ìka rẹ̀ pọ̀ bí ti pẹ́pẹ́yẹ, ló ń gbé lé ẹyin kí ó lè móoru. Nígbà tí èèpo ẹyin sì ti fẹ́lẹ́, ìyá fúnra rẹ̀ ló wá ń tẹ ọmọ rẹ̀ fọ́.

DDT ló fà á, òògùn kòkòrò tí Paul Müller ṣàwárí agbára rẹ̀ ní 1939, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1948. Kì í yọ́ nínú omi, inú ọ̀rá ló ń sá sí: ó ń ti ara ẹja kékeré bọ́ sí ti ńlá, títí yóò fi dé ara ẹyẹ, níbi tí ó ti ń di DDE, tí kì í jẹ́ kí kálísíọ̀mù ara ìyá, èròjà tó ń mú èèpo ẹyin le, dé ibi tí èèpo ti ń dì mọ́ ẹyin. Ohun tó bá kù a bá ọ̀rá wọnú pupa ẹyin. Mẹ́kúrì, májèlé mìíràn, ní tirẹ̀ fẹ́ràn funfun ẹyin jù. Amẹ́ríkà fòfin de DDT ní 1972, àwọn òfú náà sì padà pọ̀ sí i.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti Derek Ratcliffe, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ará Bìrìtìkó, ẹni tó kó èèpo ẹyin àṣá tí àwọn ènìyàn ti tọ́jú sínú àpótí láti ọjọ́ pípẹ́ jọ, tó wọ̀n wọ́n, tó sì fi hàn ní 1967 pé wọ́n ti ń fẹ́lẹ́ sí i láti nǹkan bí ọdún 1947. Àwọn tó ń jí ẹyin nínú ìtẹ́ kó fún eré lásán (ìyá mi ìbá nà wọ́n dáadáa) ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá di ẹ̀rí lòdì sí DDT.

Àwọn lékeléke kan ń sùn lórí igi kan lẹ́yìn ilé wa, àwọn tó ń jẹ tata lẹ́yìn màlúù nínú oko tí a ń fín lóògùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo rí ìdajì èèpo ẹyin wọn nílẹ̀, ó funfun pẹ̀lú àwọ̀ ojú ọ̀run díẹ̀. Mo fi òwú wé e sínú páálí ìṣáná, mo sì kọ ọjọ́, oṣù, ọdún àti Ògbómọ̀ṣọ́ sí i lára.